Bàtà, Ìrìn àti Orúnkún: Ìtàn kan láti Ọ̀tà

ATỌ́KÙN: Bí ènìyàn bá dúró sí abẹ́ afárá ńlá tí ó wà ní Ṣàngó-Ọ̀tà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ iṣẹ́, tí kò wo ọkọ̀, tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni, tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn tí ń kọjá nìkan ni ó ń wò, yóò rí ohun púpọ̀. Yóò rí bàtà dúdú wúwo tí ó ní irin níwájú lẹ́sẹ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Yóò rí sílípáàsì lẹ́sẹ̀ alájàpá, bàtà gogoro lẹ́sẹ̀ akọ̀wé, àti kánfáàsì lẹ́sẹ̀ ọmọ ilé-ìwé. Bí ó bá sì tẹjú mọ́ ọn, yóò rí àwọn tí wọ́n ń tiro, àti àwọn tí ó di dandan fún láti fi ọwọ́ ti itan kí wọ́n tó lè gun àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ìbéèrè tí a gbé wá sórí ètò lónìí ni pé: kí ni ó pa bàtà àti orúnkún pọ̀? Ǹjẹ́ bàtà lè mú kí orúnkún máa ro ni? Ǹjẹ́ bàtà sì lè dín ìrora orúnkún kù? Olùkọ́ ìtàn ni a pè wá, kì í ṣe oníṣègùn, nítorí a fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀, sà.

OLÙKỌ́: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo kí ẹ̀yin olùwòran, pàápàá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn àgbà ní ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti orúnkún. Ohunkóhun tí a bá fi sí abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, orúnkún ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti wo ìtàn bàtà ní agbègbè wa yìí síwá sẹ́yìn, ohun kan hàn sí mi gbangba: gbogbo bàtà tí ó ti wọ Ọ̀tà láti ayébáyé, nítorí nǹkan mìíràn ni a ṣe wọ́n. Òmíràn wà fún ọlá, òmíràn wà fún ogun, òmíràn sì wà fún ààbò ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Kò sí èyí tí a ṣe nítorí orúnkún. Bàtà tí a dìídì ṣe nítorí orúnkún kò tíì pẹ́ rárá láyé, ìtàn rẹ̀ sì ní ìyípadà tí ó yẹ kí gbogbo wa kọ́gbọ́n nínú rẹ̀.

ATỌ́KÙN: Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ẹ jọ̀wọ́, sà, irú àrùn wo gan-an ni à ń sọ? Nítorí nínú ilé wa, làkúrègbé ni a ń pe gbogbo rẹ̀.

OLÙKỌ́: Òótọ́ ni. Àwọn baba wa kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrora oríkèé pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn òde òní yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí à ń sọ lónìí ni wọ́n ń pè ní osteoarthritis. Ní ibi tí egungun itan gbé pàdé egungun ojúgun, ohun rírọ̀ kan wà tí ó ń dán, tí ó bo orí egungun méjèèjì kí wọ́n má ba à máa ha ara wọn. Nígbà tí ohun rírọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, tí egungun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ń le sí i, tí etí egungun sì ń hù jáde, oríkèé yóò máa wú, yóò gan ní òwúrọ̀, yóò máa dún bí a bá ń tẹ̀ ẹ́, yóò sì máa ro bí a bá ń rìn. Ọjọ́ orí wà lára ohun tí ń fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Ara tí ó sanra jù, orúnkún tí ó ti fi ìgbà kan rí ṣèṣe, iṣẹ́ ẹrù wíwúwo gbígbé, àti iṣẹ́ tí ó ń mú ni kúnlẹ̀ tàbí lóṣòó fún wákàtí púpọ̀, gbogbo wọn ni ó ń dá kún un. Ó sì ń bá àwọn obìnrin jà ju àwọn ọkùnrin lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àrùn òyìnbó ni. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí kan ní Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009. Nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti tó 40 ọdún sókè tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 19.6 nínú 100 ni àrùn orúnkún yìí ń bá fínra. Ẹnìkan nínú márùn-ún nìyẹn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọmọbìnrin ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tí Mùsùlùmí ń forí kanlẹ̀ nígbà márùn-ún lójúmọ́, tí Kìrìsìtẹ́nì ń kúnlẹ̀ gbàdúrà, ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò bá ṣe é ká mọ́, ìyà tí ń jẹ ẹ́ kọjá ti ìrìn. Ẹ ti rí ìyá àgbàlagbà tí ojú ń tì nítorí pé kò lè kúnlẹ̀ súre fún ọmọ rẹ̀ níbi ìgbéyàwó.

ATỌ́KÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo ti rí i. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni àwọn ará Ọ̀tà ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ ní ayé àtijọ́?

OLÙKỌ́: Ọ̀tà jẹ́ ìlú àwọn Àwórì, ìlú àtijọ́ ni, ìlú àwọn oníṣọnà igi àti ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ nígbà náà kò wọ bàtà rárá. Ẹsẹ̀ lásán ni àgbẹ̀ fi ń lọ sóko, ẹsẹ̀ lásán ni aláàárù fi ń ru ẹrù lọ sí Èkó. Bàtà wà, ó dájú. Àwọn oníṣọnà awọ ilẹ̀ Yorùbá mọ bàtà í ṣe. Ṣùgbọ́n ohun ọlá ni. Ọba wọ bàtà tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, jagunjagun tí ó gun ẹṣin sì lè wọ bàtà awọ. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ààfin, ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé tọ Kábíyèsí ní láti bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Èyí fi hàn pé bàtà jẹ́ àmì ipò kí ó tó di ohun ìlò gbogbo ènìyàn.

ATỌ́KÙN: Ẹ jọ̀wọ́, sà, àwọn kan yóò sọ pé nítorí pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn baba wa fi rìn, ìdí nìyẹn tí orúnkún wọn fi le koko.

OLÙKỌ́: Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì tún jẹ yọ níwájú nígbà tí a bá dé orí ìwádìí àwọn onímọ̀, nítorí ó ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n kí a má fi ayé àtijọ́ ṣe Párádísè. Ẹni tí ó ń rìn ní ẹsẹ̀ lásán ni ẹ̀gún ń gún, ni ejò ń bù ṣán. Aràn kan wà tí ó máa ń gba awọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ara láti inú ilẹ̀ ẹlẹ́gbin, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Jìgá náà ńkọ́? Láti ilẹ̀ Brazil ni ọkọ̀ ojú omi gbé e dé èbúté Àǹgólà ní 1872, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹsẹ̀ tí jìgá bá jẹ kò lè rìn dáadáa. Yàtọ̀ sí èyí, ẹrù orí tí àwọn aláàárù ń rù kò fi orúnkún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, tí ó gba Ọ̀tà kọjá, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù tí reluwé gbà kúrò lórí ènìyàn kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, mo lè sọ pé reluwé ṣe orúnkún àwọn èèyàn wa lóore ju bàtà kankan lọ ní sáà náà.

ATỌ́KÙN: Ọ̀rọ̀ ńlá! Nígbà wo wá ni bàtà di ti gbogbo ènìyàn?

OLÙKỌ́: Ọ̀nà mẹ́ta ni ó gbà wọlé: ilé-ìwé, ọjà àti ogun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ogun bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun West African Frontier Force sílẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún 19. Fìlà pupa ni àwọn sójà náà ń dé, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn fi ń yan. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí a kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ sí Bọ́mà nínú ẹgbẹ́-ogun 81 àti 82, ni bàtà sójà wá wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n fara gbọgbẹ́ padà wálé. Nítorí tiwọn ni a ṣe dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ìgbóbì, ní Èkó, ní 1943, èyí tí ó wá di ilé ìwòsàn ńlá fún àwọn tí egungun wọn kò gún. Ibẹ̀ ni ìtàn bàtà àkànṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní tòsí wa. Nínú irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, a máa ń ṣe ẹsẹ̀ igi fún ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀, irin àmúró fún ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù, àti bàtà tí a gbé abẹ́ rẹ̀ ga fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ.

Ọgbọ́n náà ní orísun. Ní ìlú Liverpool, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Hugh Owen Thomas, tí ó kú ní 1891. Ìran àwọn atúnegungun-ṣe ni ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí a ti ní wọn nínú ìran tiwa náà. Òun ni a fi orúkọ rẹ̀ pe gìgísẹ̀ bàtà kan tí a fà gùn síwájú ní ìhà inú, kí ó lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó rì dúró. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: aránbàtà kò ní láti yí gbogbo bàtà padà. Ìwọ̀nba awọ díẹ̀ tí ó fi kún gìgísẹ̀ ti tó láti yí bí ènìyàn ṣe ń tẹ ilẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe pàtàkì láìpẹ́.

ATỌ́KÙN: A gbọ́ ti ogun. Ti ọjà àti ti ilé-ìwé ńkọ́?

OLÙKỌ́: Ilé-iṣẹ́ Bata, tí Tomáš Baťa àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú Zlín ní ilẹ̀ Czech ní 1894, gbé bàtà olówó pọ́ọ́kú dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ayé ìjọba amúnisìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni kánfáàsì jẹ́ bàtà àkọ́kọ́ fún. Ó fúyẹ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ṣe é ká. Ṣùgbọ́n kánfáàsì kọ́ ni ọmọ náà ń lá àlá rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ orin àwọn ọmọdé tí ó ṣèlérí pé ẹni tí ó bá kàwé rẹ̀, bàtà rẹ̀ yóò máa dún bí ó bá ń rìn. Bàtà tí ń dún ni bàtà ọ̀mọ̀wé. Kí ni ó sì ń mú bàtà dún? Gìgísẹ̀ líle ni. Nígbà tí ó fi máa di bíi 1970 sí 1980, bàtà gogoro ti gba ìgboro kan lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọlá tí ó wà nínú bàtà ìlẹ̀kẹ̀ ọba láyé àtijọ́ ti bọ́ sí orí gìgísẹ̀ gíga. Kò sẹ́ni tí ó bi orúnkún léèrè.

ATỌ́KÙN: Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ Ṣàngó-Ọ̀tà ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá.

OLÙKỌ́: Ọjọ́ 3 oṣù Kejì, 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ọ̀tà wà ní ẹnubodè Èkó, ojú irin gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta náà gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ń wọ́n gógó ní Ìkẹjà. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá: ti irin, ti ọ̀rá, ti oúnjẹ, ti oògùn, ti bébà. Nígbà tí a fi máa dá ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà sílẹ̀ ní 1989, ìlú àwọn àgbẹ̀ àti agbẹ́gilére ti di ìlú òṣìṣẹ́. Ọmọ ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ oko rírọ̀ wá ń dúró lórí kọnkéré láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Bàtà mìíràn wá bá a níbẹ̀, bàtà ààbò tí ó ní irin níwájú. Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ àìdáa sí bàtà yìí o. Bí páálí irin bá já lu ẹsẹ̀ ènìyàn, bàtà náà ni yóò yọ ọ́. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 sọ ọ́ pé níbi tí iṣẹ́ bá ń mú òṣìṣẹ́ fara kan omi púpọ̀ tàbí nǹkan tí ó lè pa á lára, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè aṣọ ààbò, bàtà sì wà nínú rẹ̀ bí ó bá yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà ń wò: ewu tí ń bọ̀ wá lu ẹsẹ̀ ni. Ewu tí ń ti ẹsẹ̀ gòkè lọ sí orúnkún, díẹ̀díẹ̀, fún 20 ọdún, kò sí ẹni tí ó rò ó. Bàtà wúwo ń mú kí ìrìn rẹ ènìyàn, nítorí ẹrù tí ó wà lẹ́sẹ̀ ń gba agbára ju irú ẹrù kan náà tí a dì mọ́ ìbàdí. Bí ó bá tóbi jù fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́, yóò máa wọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá sì rí tuntun gbà, yóò lọ ra òkìríkà. Abẹ́ bàtà òkìríkà ti jẹ sí apá kan gẹ́gẹ́ bí ìrìn ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín. Ìrìn ẹlòmíràn ni ẹni tí ó rà á ń wọ̀ kiri.

ATỌ́KÙN: Ìrìn ẹlòmíràn! Ó dùn mí nínú, nítorí mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Sà, nígbà wo ni àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti orúnkún?

OLÙKỌ́: Ibí ni ìtàn náà ti dùn jù. Nígbà tí a bá ń rìn, agbára tí ń tẹ orúnkún máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ara wa. Agbára náà kì í pín dọ́gba. Ìhà inú orúnkún, tí ó kọjú sí orúnkún kejì, ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi ń jẹ ìhà inú ju ìhà òde lọ, tí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn sì ń tẹ̀ bí ọrun. Ní 1987, àwọn oníṣègùn méjì ní ilẹ̀ Japan, Sasaki àti Yasuda, kọ̀wé nípa ìtẹ́lẹ̀ bàtà kan tí ìhà òde rẹ̀ nípọn ju ìhà inú lọ. Èrò wọn ni pé bí ẹsẹ̀ bá fì díẹ̀ sí inú, ẹrù yóò kúrò ní ìhà inú orúnkún. Ẹ rántí awọ díẹ̀ tí Thomas fi kún gìgísẹ̀ ní Liverpool. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ní 1998, Kerrigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé obìnrin 20 tí ara wọn le sí iwájú ẹ̀rọ tí ń wọn ìrìn. Nígbà tí wọ́n wọ bàtà gogoro, agbára tí ń tẹ ìhà inú orúnkún fi bí ìdá 23 nínú 100 pọ̀ ju ti ẹsẹ̀ lásán lọ. Ní 2001, wọ́n fi hàn pé bí gìgísẹ̀ gíga náà tilẹ̀ fẹ̀ tí ó dúró dáadáa, kò mú ẹrù náà fúyẹ́. Bàtà ọ̀mọ̀wé tí ń dún nínú orin wá rí olùfisùn.

Ní 2006, ní ìlú Chicago, Shakoor àti Block wọn ìrìn ènìyàn 75 tí wọ́n ní àrùn yìí. Nígbà tí wọ́n bọ́ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ẹrù ìhà inú orúnkún fi bí ìdá 12 nínú 100 dín kù. Ní 2010, Shakoor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sílípáàsì rírọ̀ súnmọ́ ẹsẹ̀ lásán, nígbà tí àwọn bàtà líle tí a ṣe fún ìdúróṣinṣin ń mú ẹrù pọ̀ sí i.

ATỌ́KÙN: Àwọn baba wa wá jàre nìyẹn! Kí a bọ́ bàtà dànù.

OLÙKỌ́: Ẹ fara balẹ̀. Ohun tí ẹ sọ yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n jẹ́ ọ̀tọ̀, ohun tí ènìyàn ń jẹ ní ìrora jẹ́ ọ̀tọ̀. Àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín bàtà fún àwọn aláìsàn, kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún oṣù púpọ̀, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè. Ní 2011, Bennell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ìtẹ́lẹ̀ irú ti ilẹ̀ Japan. Ènìyàn 200 ni ó kópa, odidi ọdún kan ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Ìrora àwọn tí wọ́n wọ ìtẹ́lẹ̀ náà kò dín kù ju ti àwọn tí wọ́n wọ ìtẹ́lẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ. Ẹ̀rọ ní ó dára. Orúnkún ní òun kò rí i.

Ní 2015, ìròyìn ayọ̀ wá láti ilẹ̀ Brazil. Àwọn obìnrin àgbàlagbà 56 ni ó kópa níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n wọ Moleca, bàtà aṣọ olówó pọ́ọ́kú kan tí ó fúyẹ́ tí ó sì ń ká, fún oṣù mẹ́fà rí ìtura ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ó jọ kánfáàsì àwọn ọmọ ilé-ìwé wa gan-an. Ní 2020, ní ìlú Bern ní Switzerland, wọ́n fi ènìyàn 220 dán bàtà olówó ńlá kan wò, tí ó ní ohun róbótó méjì lábẹ́, èyí tí a lè sún síwá sẹ́yìn láti yí ìrìn padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ìrora dín kù ju ti àwọn tí wọ́n wọ èyí tí a fi ṣe àfiwé lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìyàtọ̀ náà tó ohun tí aláìsàn yóò mọ̀ lára. Nígbà tí ó di 2021, Paterson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà gbé bàtà méjì dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń ká. Èkejì le, ó di ẹsẹ̀ mú, ó sì dúró gírígírí. Ènìyàn 164 ni wọ́n pín wọn fún, fún oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn tí wọ́n wọ èyí tí ó dúró gírígírí, ìdá 58 nínú 100 ni ó rí ìtura tí ó ní láárí. Nínú àwọn tí wọ́n wọ èyí tí ó ń ká, ìdá 40 ni.

ATỌ́KÙN: Háà! Bàtà líle tí ẹ̀rọ dá lẹ́bi ni orúnkún wá dá láre?

OLÙKỌ́: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ nìyí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ purọ́. Ó wọn ohun tí a ní kí ó wọ̀n. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe oríkèé kan ṣoṣo. Bí ẹni tí orúnkún ń ro bá mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò ní yẹ̀, ó lè rìn púpọ̀ sí i, ẹ̀rù kò ní máa bà á. Ẹni tí ó ń wọ bàtà náà ni ó yẹ kí a bi léèrè. Fún ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń wá bàtà fún orúnkún, ohun tí ó sì dá wa lójú jù lónìí kò ju díẹ̀ lọ: gìgísẹ̀ gíga kò ṣe orúnkún lóore, bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ mu, tí ó dúró gírígírí, lè dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí bàtà kan tí a ti fi ẹ̀rí tí kò ní àríyànjiyàn hàn pé ó ń dá àrùn náà dúró.

ATỌ́KÙN: Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí òṣìṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà ṣe?

OLÙKỌ́: Kí ó má bọ́ bàtà ààbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ nítorí ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu wa. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tí irin bá gé kì í hù mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè èyí tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Bí abẹ́ bàtà bá ti jẹ sí apá kan, kí ó gbé e tọ aránbàtà lọ kí ó tó di pé ìrìn rẹ̀ wọ́. Kí akọ̀wé tí bàtà gogoro wù máa gbé e wá sí ọ́fíìsì nínú àpò, kí ó sì fi bàtà pẹlẹbẹ rìn ní ojú ọ̀nà. Ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró mọ́, kí ó ṣọ́ra fún sílípáàsì tí ń yọ̀, nítorí ìṣubú lè dá ohun tí ó burú ju ìrora lọ sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bàtà kọ́ ni olórí ìtọ́jú. Eré ìdárayá tí ń mú iṣan itan le, àti ìdínkù ara tí ó sanra jù, ni àwọn oníṣègùn fi ń ṣíwájú. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ìtọ́jú nípa eré ara. A ní àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Kí ènìyàn má dúró di ìgbà tí orúnkún bá tẹ̀ kí ó tó lọ rí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn agbanisíṣẹ́. Òfin ti 2010 lórí owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ kò mọ sí orí ìjàm̀bá nìkan, ó mẹ́nu ba àìsàn tí iṣẹ́ fà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n orúnkún kì í ké gbàjarè lọ́jọ́ kan bí ọwọ́ tí ẹ̀rọ gé. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń lọ. Òṣìṣẹ́ yóò ti fẹ̀yìntì kí ó tó di pé kò lè gun àtẹ̀gùn, kò sì ní sí àkọsílẹ̀ kankan pé orí kọnkéré wo ni ó dúró lé, fún ọdún mélòó, pẹ̀lú irú bàtà wo. Àkọsílẹ̀ yẹn ni mo ń tọrọ. Kí ilé-iṣẹ́ tí ń ra bàtà fún ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ máa bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pé: báwo ni orúnkún yín? Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ìbéèrè náà kò gba owó.

ATỌ́KÙN: Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wò wá, iṣẹ́ yín náà nìyẹn. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sí àwọn àgbà ní Ọ̀tà, kí wọ́n béèrè irú bàtà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, àti bí orúnkún wọn ti rí lónìí. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìtàn náà tó bá wọn lọ.

OLÙKỌ́: Ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ni dé ibi ire. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí tiwa yẹ̀.

ATỌ́KÙN: Àṣẹ.